Ẹ Kú Ọdún, Ẹ Kú Ìyèdún: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọpẹ́ ní Àkókò Kérésìmesì

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, tí ewé etí ọ̀nà sì pọ́n fún eruku, kò sí ọmọdé kan ní ilẹ̀ wa tí a ní láti sọ fún pé Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ a máa ka ọjọ́ pẹ̀lú ayọ̀. Àwọn òbí náà a máa ka ọjọ́, ṣùgbọ́n kíkà tiwọn yàtọ̀. Bàbá ń ṣírò owó aṣọ àti ti bàtà. Ìyá ń ṣírò ìrẹsì, òróró àti adìẹ. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ ń ro owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé, ó sì ń ro ojú àwọn ará ilé tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé mọ̀ pé owó oṣù tí òun bá gbà kí ọdún tó dé ni òun yóò fi jẹun títí oṣù Kìn-ín-ní yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà ọdún tuntun. Báyìí ni àkókò ayọ̀ ṣe ń di àkókò àníyàn. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ tọrùn bọ gbèsè nítorí ọ̀sẹ̀ kan péré, yóò sì máa san án títí òjò yóò fi rọ̀.

Àwa kò kọ èyí bí ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ní ìjọ kékeré kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, àwa fúnra wa ni a dìde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Kérésìmesì, tí a sì ka ìkéde pé kí olúkúlùkù ìdílé wá nínú aṣọ kan náà ní ọjọ́ ọdún, kí wọ́n sì mú ọpẹ́ wọn wá nínú àpòòwé tí a kọ orúkọ ìdílé sí lára. Ìkéde náà dùn létí wa. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ilé ìsìn kún fún aṣọ tuntun. Ṣùgbọ́n a kò rí ìyá kan báyìí tí ó máa ń gbá ilé ìsìn náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láìgba owó, a kò sì rí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ kejì ọdún a lọ kí i. A rò pé àìsàn ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì dáhùn pẹ̀lú ìtìjú pé, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ọpẹ́ wà nínú mi. Ọmọ mi tí ó ti ń ṣàìsàn láti ìgbà òjò ti dìde. Aṣọ tí n ó fi gbé ọpẹ́ náà wá ni kò sí.”

A kò rí ọ̀rọ̀ kankan fi dá a lóhùn. Ẹni tí ó ní ohun tí ó pọ̀ jù láti dúpẹ́ fún nínú gbogbo ìjọ ni ó jókòó sílé, ìkéde tiwa ni ó sì dá a dúró. Láti ọjọ́ náà ni ó ti wà lọ́kàn wa láti béèrè lọ́wọ́ ìtàn pé: àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe Kérésìmesì nínú iṣẹ́ ìjọ tiwa ní ilẹ̀ yìí, kí ni wọ́n ní lọ́wọ́, báwo ni wọ́n sì ṣe dúpẹ́? Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ padà sẹ́yìn dé Àgbádárìgì ní ọdún 1842.

Ìlú etí ọ̀sà ni Àgbádárìgì, ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n sí ọjà ẹrú. Lóòótọ́ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1807, tí ó sì ń rán ọkọ̀ ogun káàkiri ojú òkun láti gba àwọn tí a kó. Síbẹ̀, ní 1842 òwò náà kò tíì tán ní etíkun wa. Àwọn tí ọkọ̀ ogun wọ̀nyí bá gbà là ni a ń kó lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ìjẹ̀bú ti gba ìgbàgbọ́, tí wọ́n kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò kúrò ní ilé. Láti 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí padà. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ òkun tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n sì wọ inú ọkọ̀ náà bọ̀ wá sí ilẹ̀ baba wọn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa: irú ọkọ̀ tí ó kó wọn lọ nínú ẹ̀wọ̀n ni ó gbé wọn padà bí òmìnira.

Ìpadàbọ̀ náà kò rọrùn. Àwọn kan wà tí a jà lólè kí wọ́n tó dé ilé. Àwọn mìíràn dé ilé, wọ́n bá a pé ogun ti tú ìlú wọn ká, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n mọ́. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ni James Ferguson, ọ̀kan nínú àwọn Sàró tí ó tẹ̀dó sí Àgbádárìgì, kọ ìwé ní oṣù Kẹta 1841, tí ó béèrè pé kí a rán oníwàásù wá. Ẹni tí ó wá nítorí ìwé náà ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí ní 1809, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, baba rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Áfríkà. Iṣẹ́ ọgbà ni ó ń ṣe kí ó tó gba ìpè. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1838 ni òun àti aya rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Cape Coast. Kò tó oṣù méjì tí aya náà fi kú. Freeman sin ín, ó sì dúró sí ẹnu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Freeman dé Àgbádárìgì, William de Graft sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn igi Àgíà, tí a ń sọ pé abẹ́ rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere níbẹ̀. Igi náà dúró títí di 1959 kí ó tó wó. Àwọn kan a máa sọ ọ́ pé Freeman àti Henry Townsend ni ó jùmọ̀ dúró lábẹ́ igi náà ní ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ wọn kò bá ara mu, nítorí pé Townsend ṣì wà ní Sàró ní oṣù Kẹsàn-án náà. Ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn mọ èyí, kí ó má baà kọ́ ọmọ ní àṣìṣe.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, Freeman dé Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà á pẹ̀lú ìyẹ́sí ńlá, àwọn Sàró tí ó wà ní ìlú náà sì yọ̀ bí ẹni tí ó rí ara ilé. Bí ó ti wà níbẹ̀ ni Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà. Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó rán an. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré ni, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì ti ṣe ní Sàró láti 1836. Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí a gbà là lóko ẹrú, wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò tíì kúrò ní Àgbádárìgì nígbà tí Freeman padà dé láti Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìránṣẹ́ ìjọ méjì tí kò bá ara wọn ṣe àdéhùn pàdé ní ìlú ẹrú ní alẹ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, tí wọ́n sì jùmọ̀ ṣe ọdún náà ní ọjọ́ kejì.

A kò sọ pé òun ni Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, nítorí pé àwọn àlùfáà Potogí ti ṣiṣẹ́ ní Benin àti ní Warri ní ọ̀rúndún púpọ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n láti ibi ọdún yìí ni iṣẹ́ àwọn ìjọ méjèèjì náà ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Àwọn tí ó pé jọ kò ní ilé ìsìn ńlá, wọn kò sì ní agogo. Wọn kò ní Bíbélì Yorùbá: ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe kò jáde títí di 1843, odindi Bíbélì kò sì pé ní èdè wa títí di 1884. Ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn ti sin aya sí ilẹ̀ àjèjì. Àwọn Sàró tí ó yí wọn ká ti sọ baba, ìyá, ìlú àti orúkọ nù. Ọ̀nà ọjà tí a ti ń ta irú wọn kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ohun gbogbo pé fún nìkan ni ó lè ṣe ọdún, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ì bá ṣe é. Síbẹ̀ wọ́n ṣe é, nítorí pé ohun kan wà tí wọ́n ní: wọ́n wà láàyè, wọ́n sì wà papọ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní 1843 ni Townsend dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó padà sí Sàró láti lọ jíṣẹ́, Andrew Wilhelm dúró ní Abẹ́òkúta. Àwa tí a jẹ́ katikísì fẹ́ràn láti rántí ọkùnrin yìí, nítorí pé irú iṣẹ́ tiwa ni ó ṣe: kì í ṣe àlùfáà, kò sì ní ilé ìsìn, ṣùgbọ́n ó ń kó àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ jọ, ó ń kọ́ wọn, ó sì ń dúró de àwọn tí yóò bọ̀. Kérésìmesì mẹ́ta, ti 1843, ti 1844 àti ti 1845, ni ó kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Ìdí tí wọ́n fi pẹ́ ni pé ọ̀nà dí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1845 ni Townsend, Crowther àti Charles Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn aya wọn, wọ́n sì ń retí láti kọjá sí Abẹ́òkúta kíákíá. Ìròyìn tí ó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́, ẹni tí ó pè wọ́n, ti kú. Ogun sì wà lójú ọ̀nà. Ní ọdún náà ni aya Gollmer kú, a sì sin ín ní Àgbádárìgì. Oṣù mẹ́fà kọjá, ọdún kan kọjá, Kérésìmesì 1845 sì bá wọn ní ibi tí wọn kò pinnu láti gbé. Ṣùgbọ́n wọn kò ká ọwọ́ gbera: wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kó àwọn ọmọ jọ kọ́ ní ìwé, wọ́n sì ń wàásù. Ọ̀nà kò là títí di 1846.

Kí ni ó wà ní òpin ọ̀nà náà fún Crowther? Ọmọdé ni nígbà tí ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, ní 1821, tí a sì mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. A yà wọ́n nípa. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ Potogí ní Èkó, inú ọkọ̀ náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà á ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyá rẹ̀ wá bá a ní Abẹ́òkúta. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n rí ara wọn, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ojú ìyá náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848 ni a rì í bọmi. Hannah ni orúkọ tí a fún un, nítorí pé ìyá Samuel ni. Ẹni tí ó bá sì ti ka Ìwé Samuẹli Kìn-ín-ní mọ̀ pé Hánà ni obìnrin tí ó sunkún títí, tí ó sì padà wá dúpẹ́.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́ nínú ìtàn yìí.

Èkínní ni pé ọpẹ́ kò dúró de ìgbà tí ohun gbogbo bá pé. Àwa ni a ti sọ ọ́ di ìyókù: a ra aṣọ, a ra oúnjẹ, a san owó ọkọ̀, bí ó bá wá ṣẹ́kù, a fi dúpẹ́. Àwọn ará Àgbádárìgì kò ní ìyókù kankan. Ọpẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni pé ọpẹ́ kì í ṣe pípa irọ́ nípa ìbànújẹ́. Freeman kò dúpẹ́ pé aya rẹ̀ kú. Crowther kò dúpẹ́ pé a ta òun. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi bá òwò ẹrú jà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a wí fún ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀ ní ọdún pé kí ó nu ojú rẹ̀ nù kí ó máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ilé-ìwé tí baba rẹ̀ kú ní ọdún tí ó ń parí lọ yìí lè sunkún ní ọjọ́ Kérésìmesì, kí ó sì dúpẹ́ ní ọjọ́ kan náà fún ìyá tí ó kù. Ojú kan náà ni ìyá Crowther fi sunkún, tí ó sì fi rí ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ọpẹ́ ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Freeman àti Townsend kò fi ìyàtọ̀ ìjọ ṣe ìdíwọ́ nígbà tí wọ́n pàdé. Wilhelm fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ohun tí a ti kọ́ ọ. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwa fi kún un pé ẹni tí ó fi ẹnu dúpẹ́, tí kò sì ṣe oore fún ẹlòmíràn, ààbọ̀ ọpẹ́ ni ó ṣe.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù lọ ni pé èdè wa ti mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Bí a bá pàdé ara wa ní ọjọ́ ọdún, kí ni a ń wí? A ń wí pé, “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.” Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ìyè ni ó wà nínú rẹ̀. A kò kí ẹnikẹ́ni kú aṣọ tuntun, a kò sì kí i kú adìẹ pípa. A ń kí i pé ó yè títí ọdún fi bá a. Àwọn baba wa, tí wọ́n mọ ogun, tí wọ́n mọ ìyàn, tí wọ́n sì mọ ọgbà ẹrú, mọ̀ pé yíyè náà ni ọdún. Gbogbo ìyókù, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Àwa ni a ń fi ẹnu kí ìyèdún, tí a sì ń fi ojú wo aṣọ.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ̀yin olùkọ́, kí ilé-ìwé tó parí fún ìsinmi Kérésìmesì, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tákàdá kan, kí ó kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta tí ó ṣe oore fún un ní ọdún náà, pẹ̀lú ohun tí olúkúlùkù ṣe. Ẹ má gbà kí ó kọ ọ́ ní gbogbogbòò pé “mo dúpẹ́ fún ohun gbogbo”. Ẹni tí ó dúpẹ́ fún ohun gbogbo lè má tíì rántí ohun kan. Lẹ́yìn náà kí ó lọ bá ọ̀kan nínú wọn, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ fún un lójú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó béèrè bàtà tuntun lọ́wọ́ òbí yín, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ fún èyí tí ẹ fi rìn láti oṣù Kìn-ín-ní. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín kí ẹ tó lọ sí ọjà, kí ẹ sọ òtítọ́ iye tí ó wà lọ́wọ́ fún wọn. Ọmọ tí a bá sọ òtítọ́ fún kì í sábà bínú tó bí a ti ń bẹ̀rù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìkéde ní ilé ìsìn, ẹ yẹ ìkéde yín wò kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì béèrè bí ẹnì kan yóò ti ipa rẹ̀ jókòó sílé.

Ní ti ìjọ kékeré tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e a ka ìkéde mìíràn. A wí pé kí olúkúlùkù wá nínú aṣọ tí ó bá ní, àti pé kí ìsìn tó parí, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè dìde láti sọ ohun kan ṣoṣo tí ó fi ń dúpẹ́. Àwọn kan kùn pé ìjọ kò ní lẹ́wà tó ti èṣí. Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá náà wá, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú aṣọ tí a ti mọ̀ mọ́ wọn lára. Ó sì dìde, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ tí ó ti ṣàìsàn, ó wí pé, “Òun nìyí,” ó sì jókòó.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Kí ọdún yí wa po, kí ó bá gbogbo wa láyọ̀ àti ní àlàáfíà. Àmín.